Ta ló mọ ibi tí àyè oníná fún RV (ọkọ̀ tó ṣeé gbé bí ilé) ṣì wà ní Arizona?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará wa tó ń gbé Arizona. Minnesota lèmi àti ọkọ mi wà, òtútù ibẹ̀ sì ti sú wa. Gbogbo ọgbà RV tí mo pè ní Yuma ló ní àwọn ti kún. Àwọn àgbàlagbà tó ń sá òtútù wá láti Kánádà ti gba àyè sílẹ̀ láti èṣí.

Mo mọ ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní La Posa, lẹ́bàá Quartzsite, tí wọ́n ń ṣí láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń yan ibi tó wù ú. Àmọ́ kò síná níbẹ̀, ọkọ mi sì ń lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú tó bá ń sùn. Bátìrì wa kì í gbé e dé ìdájí, pàápàá tí hítà bá tún ń ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wà o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ aṣálẹ̀ di Mushin?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé àyè máa ń yọ tí ìpàtẹ RV ti Quartzsite lóṣù kìíní bá ti parí? Àbí kí n kúkú wo ìlú Benson? Owó oṣù kan ńkọ́, ṣé iná wà nínú ẹ̀ àbí mítà ni wọ́n ń kà?