Ṣé ó kún ni, àbí wọ́n tú u?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ èdè.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní òun fẹ́ ròyìn omi ilé ìgbẹ́ tó ń wọ odò àti etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé "àkúnwọ́sílẹ̀ omi ìdọ̀tí" lòun fẹ́ pè é, ó wá bi wá bóyá ó dùn-ún gbọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fèsì ló ní ó dáa. Èmi ò gbà.

Àkúnwọ́sílẹ̀ kọ́. Níbo lẹ ti gbọ́ ọ kẹ́yìn? Nínú àdúrà ni. Sáàmù 23 ni, níbi tí ago ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Alága ìkómọ ni, tó ń wúre pé kí ìbùkún ìyá ọmọ kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ wá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbẹ́! Bí ìyá mi bá gbọ́ ọ lórí rédíò, á ti ṣe àmín kó tó gbọ́ èyí tó kù.

"Omi ìdọ̀tí" náà ò tó. Omi tí mo fi fọṣọ lánàá, omi ìdọ̀tí ni. Èyí tí mo fi ṣan abọ́, bákan náà. Lóòótọ́, omi ìfọṣọ wà nínú ohun tó ń gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń lé èèyàn kúrò lódò. Lóṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí Oxford àti Cambridge fẹ́ fi ọkọ̀ figagbága lórí odò Thames, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn atukọ̀ pé kí wọ́n má ju ẹni tó ń darí ọkọ̀ wọn sómi bí wọ́n ti máa ń ṣe tí wọ́n bá borí. Kí ló fà á? Kòkòrò E. coli, èyí tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, ni wọ́n bá nínú odò náà. Ìgbẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká pè é ní ìgbẹ́. Ẹni tó bá ń rùn sí létí lè lo imí. Àwa tí a rí agbépóò l'Ékòó, ojú kí ló tún kù tó ń tì wá?

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Bàbá wa tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ká lo "ìdànù". Ẹ gbọ́ mi dáadáa, bàbá. "Omi dà." "Wọ́n da omi." Èkejì ní ẹni tó ṣe é, èkíní ò ní. Tí ẹ bá wá sọ ọ́ di ìdànù omi ìgbẹ́, ẹni tó dà á ti sá lọ pátápátá. Dànù ló sì ń wà lẹ́nu wa nígbà tí a ò bá fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí ọmọ bá kú mọ́ ìyá lọ́wọ́, "omi ló dànù, agbè ò fọ́" la fi ń tù ú nínú. Ṣé ọ̀rọ̀ ìtùnú yẹn la fẹ́ fi bá ilé-iṣẹ́ omi tó ń bójú tó páìpù ìgbẹ́ náà kẹ́dùn?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Mushin, ilé kan wà lẹ́yìn tiwa tí ṣáláńgá rẹ̀ máa ń kún. Onílé ò jẹ́ sanwó ọkọ̀ tó ń wá fà á. Tí òjò bá ti ṣú báyìí, a ó rí ọmọkùnrin kan tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọ̀pá irin. Á dúró síbẹ̀, òjò á máa pa á. Ìgbà tí gọ́tà bá tó ń ṣàn dáadáa, á ki ọ̀pá bọ abẹ́ síménti tí wọ́n fi dí ihò kan, á sì gbé e. Ìyá alákàrà abẹ́ àtíbàbà á fi ọpọ́n bo agbada rẹ̀, á pariwo pé, "Wọ́n ti tú u o!" Ẹnikẹ́ni kì í béèrè kí ni wọ́n tú. Wọn kì í béèrè ta ni, pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ tí à ń wá nìyẹn. Ìtúgbẹ́sódò. Èèyàn lè ṣèèṣì da omi. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣèèṣì tú ṣáláńgá.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ omi náà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbẹ́. Tí òjò bá le, omi inú páìpù á ga dé orí ògiri kékeré kan tí wọ́n mọ síbẹ̀, èyí tó bá sì kọjá orí ògiri náà á yà gba ọ̀nà mìíràn wọ odò. Bí kò bá rí ibẹ̀ gbà, inú ilé ìgbẹ́ àwọn èèyàn ló máa padà sí. Irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lé ní 14,000 ní England nìkan, òfin sì gbà wọ́n láyè nígbà tí òjò bá kọjá agbára páìpù. Kò sí ọ̀pá irin nínú ìyẹn. A ti ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu láti ọjọ́ Ògùnpa ọdún 1980 n'Ìbàdàn, àní kó tó dìgbà náà: omíyalé. Omi ya ilé. Ìgbẹ́ ya odò. Ìgbẹ́yadò, nígbà náà. (Àbí ìgbẹ́yodò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìpajẹ fáwẹ́ẹ̀lì, ìyẹn èyí tó yẹ kó sọnù nígbà tí fáwẹ́ẹ̀lì méjì bá pàdé, ẹ gbà mí o.)

Ẹ má wá fi ìgbẹ́yadò bo ìtúgbẹ́sódò mọ́lẹ̀. Láàrin ọdún 2010 sí 2015, ilé-iṣẹ́ omi kan, Southern Water, ń tú ìgbẹ́ sí etíkun Kent, Hampshire àti Sussex láìbófin mu. Wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn 51, ilé-ẹjọ́ sì ní kí wọ́n san £90 mílíọ̀nù owó ìtanràn lóṣù keje ọdún 2021. Èwo nínú ìyẹn ni òjò ṣe?

Àbúrò wa lè ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ ti òjò nínú iye wákàtí tó wà níwájú òun. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ojú ọ̀nà wọ̀nyí ń ka wákàtí ni, kì í wọn omi. Ó lé ní mílíọ̀nù 3.6 wákàtí tó kà ní England lọ́dún 2024. Níbẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀-orúkọ sílẹ̀, kí ẹ sọ pé ìgbẹ́ ń wọ odò. Kò sóhun tó ṣe gbólóhùn.

Ó ku "omi ìwẹ̀", tí wọ́n fẹ́ fi pe odò àti etíkun tí èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́. Omi ìwẹ̀ lèyí tí mo gbé kaná láàárọ̀ yìí, ó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ìjọba England ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ni, ìbáà jẹ́ etíkun, ìbáà jẹ́ odò bíi Wharfe ní Ilkley tí wọ́n kà mọ́ ọn lọ́dún 2020.

Mo ń retí èsì lórí yadò àti yodò. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, ó ní yodò ni, ó wá bi mí pé irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn láàárọ̀ kùtùkùtù.