Ìwé ìbí ló dá wọn dúró, kì í ṣe òbí wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ ní kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ oko. Tèmi rèé.

Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé kan lójú ọ̀nà Idigny. Kì í ṣe ìjọba ló gbà mí síṣẹ́, àwọn òbí ló ń dáwó jọ fún mi. Bí owó bá tán lọ́wọ́ wọn, àgbàdo tàbí gààrí ni wọ́n ń gbé wá. Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni kíláàsì méjì wà. Bí òjò bá ti ń ṣú, a ó palẹ̀ ìwé mọ́, ó di ọ̀la. Mo ń sọ èyí torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìgboro títí, pé àwọn àgbẹ̀ ò fẹ́ kí ọmọ wọn kàwé. Ìyá tó ru àgbàdo láti oko wá fún olùkọ́ ọmọ rẹ̀, ẹ má sọ fún mi pé kò fẹ́.

Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti fagi lé owó ilé-ìwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ìyẹn ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kì í hàn lọ́dún àkọ́kọ́, tí kì í hàn lọ́dún kejì, àfi ìgbà tí ọmọ bá dé CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó wá ku CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láìsí ìwé ìbí, wọn ò ní kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún un.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì náà tí ìṣirò rẹ̀ dá múṣémúṣé. Mi ò tíì parí ìbéèrè tí sílétì rẹ̀ á ti gòkè. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń nù ún, tó sì ń fi ọwọ́ náà nu ara, títí ẹfun fi gba gbogbo iwájú aṣọ kakí rẹ̀.

Nígbà tí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ tó, mo lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nílé. Bàbá wọ yàrá, wọ́n mú ọ̀rá kan jáde lábẹ́ ẹní, wọ́n wé e bí ẹni wé owó. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà nínú rẹ̀. Omi òjò ti jẹ ẹ́. Ọdún ṣì hàn, oṣù kò hàn mọ́. Orúkọ ìyá wà níbẹ̀, ti ọmọ kò sí, torí wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́.

Mo bi wọ́n pé oṣù wo ni wọ́n bí i. Bàbá ní, "Ẹ̀wà là ń ká." Ìyá ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá wọn. Ebè iṣu lẹ̀ ń kọ. Ẹ ò tilẹ̀ sí nílé." Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn. Ọmọ jókòó sáàárín wọn, ó ń wo ẹnu bàbá, ó ń wo ẹnu ìyá, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bá òun mú ọjọ́ kan. Ojú tó fi ń wò wọ́n yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Bí ọjọ́ tí òfin fún òbí bá ti kọjá, ilé-ẹjọ́ là ń lọ nígbà náà láti gba ìdájọ́ tó dúró fún ìwé ìbí. Ẹlẹ́rìí, owó alùpùpù, ọjọ́ oko tó ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá lọ. Kí ìwé tó jáde, wọ́n ti kó orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò lọ. Ọmọ yẹn tún CM2 kà, ó sì yege lọ́dún kejì. Àwọn méjì mìíràn tí ọ̀rọ̀ wọn rí bákan náà kò dúró. Ọ̀kan lọ ṣiṣẹ́ oko ní ìhà Ìmẹ̀kọ, èkejì wọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ bá èèyàn gbé. Mi ò rí wọn mọ́.

Ọdún yẹn ni mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Bí obìnrin bá bímọ lábúlé, mo ń lọ kí wọn, mo sì ń kọ ọjọ́, orúkọ ìyá, ti bàbá àti ti agbẹ̀bí sílẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé e, ẹni tó ń lọ ìgboro á mú un dání lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀. Nígbà tí RAVIP, ìkànìyàn tí ìjọba fi ń dá ará ìlú mọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2017, mo rí àwọn bàbá arúgbó tó wá tẹ̀ka. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú tiwọn náà ni kò ní ìwé ìbí.

Ẹ̀yin tó wà ní Ṣábẹ̀ (Savè) àti Àjàṣẹ́, báwo ni tiyín?

*Láti Àjàṣẹ́:*

Ọmọ kan ń bá mi gbé láti oko ìhà Pọ́bẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà nìyẹn. Ilé-ìwé gbà á, wọ́n ní ká mú ìwé wá kí ọdún tó parí. Mo pe ìyá rẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ agbẹ̀bí ló wà. Agbẹ̀bí ní òun ti fún bàbá. Bàbá sì ti kú. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń lọ, tí mo ń bọ̀. Mi ò ní dá a padà sóko.

*Láti Ṣábẹ̀:*

Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mo ka tiyín tán, mo ní láti gbé fóònù sílẹ̀ ná. Èmi gan-an ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Oko lẹ́yìn Kaboua ni wọ́n bí mi sí, kò sí ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kú kí wọ́n tó bí mi, òun ní ìwé ìbí, torí ìgboro ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí CEP dé, bàbá wa gbé ìwé ẹni tó ti kú fún olùkọ́. Orúkọ yẹn ni mo fi ṣe CEP, òun ni mo fi ṣe BEPC, ìdánwò ìpele àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé gíga sẹ́kọ́ndìrì, òun ló wà lórí ìwé iṣẹ́ mi dòní, pẹ̀lú ọdún mẹ́rin tí kì í ṣe tèmi. Ilé nìkan ni wọ́n ti ń pe orúkọ tí wọ́n sọ mí. Bí ẹnìkan bá ti ibi iṣẹ́ wá, tó béèrè mi lọ́wọ́ ìyá wa, wọn kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ilẹ̀, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí.