Bàtà síkéètì oníke líle ń bó mi ní kókósẹ̀, ọmọńdinrín ń ta mí: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Òkèṣà
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàtà síkéètì onítáyà mẹ́rin ni mo gbé wá. Ike líle ni ìta rẹ̀, bàtà inú rẹ̀ ṣeé yọ. Òkìríkà ni, láti Ọjà Ọba. Wọ́n kọ 43 sára bàtà inú. Ẹsẹ̀ mi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 26.8.

Egungun tó yọ síta lẹ́yìn ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún ń ta mí kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Kókósẹ̀ ẹ̀gbẹ́ inú ń bó, ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Gìgísẹ̀ ń ṣí sókè nínú bàtà, bí mo bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lójú òkè (ẹ mọ ilẹ̀ wa ní Adó-Èkìtì), àwọn ọmọ ìka á máa lọ sọ iwájú. Bí mo bá fún ìdè rẹ̀, ẹsẹ̀ á kú tipiri. Mo fẹ́ yá ike náà lórí gáàsì kí n fi igi fẹ gbogbo ibi tó ń dùn. Àbí ọ̀nà míì wà?

Ṣọbàtà Ajílósùn
Àbúrò, gbé e kúrò nídìí gáàsì. Ahọ́n iná á ti jó ojú ike kí inú rẹ̀ tó mọ̀ pé ooru dé, èéfín rẹ̀ ò sì ṣeé fà símú. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé o fẹ́ fẹ bàtà tó jọ pé ó ti fẹ̀ jù. Gìgísẹ̀ tó ń ṣí àti ìka tó ń sọ iwájú, bàtà tó tóbi ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí bàtà rẹ̀ tóbi á fún ìdè títí, ìdè á tẹ orí ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ á kú. Lójú ẹni tó wọ̀ ọ́, bàtà kéré nìyẹn.

Wọ̀n ọ́n báyìí. Yọ bàtà inú. Ki ẹsẹ̀ bọ inú ike lásán, ti ìka síwájú kó kàn fara kan ike, tẹ orúnkún díẹ̀, kí o wá ki ìka ọwọ́ bọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Àlàfo ìka kan, bíi mìlímítà 15, ló dára. Ìka kan ààbọ̀ sí méjì ṣì ṣeé tún ṣe láti inú. Bó bá ju ìka méjì lọ, tà á fún ẹlẹ́sẹ̀ ńlá.

Má sì gba ohun tí bàtà inú bá sọ gbọ́. Nínú òkìríkà, wọ́n lè ti mú bàtà inú láti ara òmíràn. Nọ́ńbà tó wà lára ike ni kí o wò.

Bàsírì Rólà
Ìbọ̀sẹ̀ méjì tó nípọn, ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Kẹ́hìndé
Kò parí o. Ìbọ̀sẹ̀ méjì á máa yọ̀ lórí ara wọn, á ká jọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ á ti wú. Ó sì ń kún gbogbo ibi lọ́gbọọgba, títí kan orí egungun tó ti ń dùn tẹ́lẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ga kọjá etí bàtà. Kí o sì tún ẹsẹ̀ wọ̀n nírọ̀lẹ́, lórí ìdúró, nítorí ẹsẹ̀ àárọ̀ kéré sí ti ìrọ̀lẹ́, pàápàá nínú ooru yìí.

Ará Ìjerò ní Calgary
Bàtà sìkí ti orí yìnyín ni iṣẹ́ tiwa níbí, ṣùgbọ́n ike kan náà ni, ọgbọ́n kan náà ni. Nọ́ńbà ara ike máa ń jẹ́ gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Nínú bàtà sìkí, 26 àti 26.5 sábà máa ń jẹ́ ike kan náà. Bàtà inú tàbí ìtẹ́lẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ń fi ààbọ̀ nọ́ńbà sálọ fún ìrora ń fowó ṣòfò ni.

Wo inú ike tàbí abẹ́ rẹ̀ fún lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, èyí tó ń sọ irú ike tó jẹ́. PU ló máa ń gba ooru, tó sì máa ń dúró síbi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí. PP àti PE máa ń fẹ́ padà síbi tí wọ́n ti wà. Bó bá jẹ́ PA tí GF tẹ̀ lé e, okùn gíláàsì wà nínú rẹ̀. Má fi ooru fẹ̀ ẹ́. Bó bá sì jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ẹni tó mọ irú rẹ̀ gan-an nìkan ni kó fọwọ́ kàn án.

Kí ooru tó dé ibẹ̀ rárá, yẹ ọjọ́ orí ike náà wò. PU máa ń kú sínú ara rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nítorí omi inú afẹ́fẹ́, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀ ọ́. Fi èékánná tẹ̀ ẹ́, wo ìdí àwọn ríbẹ́ẹ̀tì àti etí ìdè. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tàbí ó ń ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìkòkò, ó lè fọ́ nígbà tí o bá ń sáré lọ. Irú ìyẹn, ẹ má tún un ṣe.

Ọmọ Òkèṣà
Ẹ ṣeun gan-an. Mo wò ó: 285 (mìlímítà ni, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 28.5) ni wọ́n tẹ̀ sára ike, PU wà lábẹ́ rẹ̀. Àlàfo ẹ̀yìn jẹ́ ìka méjì ó dín díẹ̀. Kò sí ibi tó ya, kò lẹ̀. Mo tún rí i pé kòtò tí wọ́n ṣe fún kókósẹ̀ nínú ike ga ju egungun mi lọ, bíi mìlímítà mẹ́rin.

Ṣọbàtà Ajílósùn
O ti dáhùn ìbéèrè rẹ fúnra rẹ. Egungun kókósẹ̀ ń jókòó sábẹ́ kòtò rẹ̀, ló fi ń bó. Bí o bá fẹ ike níbẹ̀, ihò kejì ni wàá ṣe sábẹ́ èkíní. Gbé ẹsẹ̀ sókè dípò bẹ́ẹ̀. Ra fóòmù líle lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò bàtà, tàbí kí o gé sílípáàsì tó ti gbó, èyí tí kì í tẹ̀ wọlé bíi bẹ́ẹ̀dì. Mìlímítà mẹ́ta ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Gé e bí àtẹ́lẹsẹ̀, tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ike, lábẹ́ bàtà inú. Orí ẹsẹ̀ á fún díẹ̀ sí i, nítorí náà dẹ ìdè tó wà lórí ẹsẹ̀.

Gìgísẹ̀ ló kàn. Gé fóòmù mìlímítà márùn-ún bíi lẹ́tà J. Apá tó gùn á bá ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ibi tó ká á gba abẹ́ kókósẹ̀ kọjá. Méjì ní bàtà kan, tinú àti tìta. Ìta bàtà inú ni kí o lẹ̀ wọ́n mọ́, kì í ṣe inú rẹ̀, kí etí rẹ̀ má baà gé ọ. Fi sáńdípépà fá etí wọn kó fẹ́lẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í ṣe ni pé wọ́n á lẹ fóòmù mọ́ orí egungun tó ń dùn gan-an. Ìtẹ̀sí ló fi kún un yẹn. Àyíká egungun là ń kún, orí rẹ̀ là ń fi sílẹ̀ lófìfo.

Téèpù ni kí o kọ́kọ́ fi mú wọn. Wọ bàtà fún ogún ìṣẹ́jú nínú ilé, tẹ orúnkún, sún fóòmù bó bá yẹ. Ó dìgbà tó bá dákẹ́ kí gọ́ọ̀mù ṣọbàtà tó dé ibẹ̀.

Bàsírì Rólà
Mo ti kó ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọńdinrín ńkọ́? Fóòmù kankan ò lè ran ìyẹn lọ́wọ́.

Ará Ìjerò ní Calgary
Òótọ́ ni. Ibẹ̀ nìkan ni ooru ti wúlò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n fún un ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí fóòmù bá ti wọlé. Nígbà míì, ẹsẹ̀ tó ti fìdí múlẹ̀ lẹ́yìn kì í sún síwájú mọ́, apá tó fẹ̀ nínú ẹsẹ̀ á wá bọ́ síbi tó fẹ̀ nínú ike.

Bó bá ṣì ń ta ọ́, kọ́kọ́ wá ojú ibẹ̀. Po osùn mọ́ òrí, tọ́ ọ sórí egungun náà, ki ẹsẹ̀ lásán bọ inú ike láì sí bàtà inú, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, fà á yọ. Àmì á wà nínú ike. Wọ̀n ọ́n bọ́ síta, kí o sì fi máákà ya á.

Tú férémù táyà (ohun tó mú táyà dání lábẹ́ bàtà) kúrò pátápátá. Ooru ò gbọdọ̀ kan gíríìsì inú béárìn. Kọ ètò ìdè rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí o yà á ní fọ́tò. Heat gun (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná) ni kí o lò. Àwọn tó ń lẹ tíǹtì mọ́ gíláàsì ọkọ̀ máa ń ní in. Èyí tí wọ́n fi ń gbẹ irun kò lágbára tó. Omi gbígbóná náà kò wúlò: gbogbo ike ló máa mú lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò ní sí ibì kan tó rọ̀ tó.

Fẹ́ ooru láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, má dúró lójú kan, ìta díẹ̀, inú díẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ojú ike á bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí ara tó làágùn. Dúró níbẹ̀! Ohun tó tẹ̀ lé dídán ni pé ó máa hó, èyí tó bá sì ti hó ti bàjẹ́. Fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Bó bá gbà, ó ti tó.

Kíláǹpù káfíńtà lo máa lò. Fi igi tí orí rẹ̀ rí roboto, tó fẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, sínú. Fi òrùka páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ sí ìta. Fún kíláǹpù díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ mìlímítà mẹ́ta lo nílò, tẹ̀ ẹ́ dé márùn-ún, nítorí yóò fà padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń bàjẹ́ níbí: wọ́n á tú kíláǹpù nígbà tí ike ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó tó di alẹ́ ó ti padà sí bó ṣe wà.

Má tẹ ibi tó sún mọ́ ojú tí férémù jókòó lé. Férémù tó bá wọ́ kò ní jẹ́ kí táyà rìn tààrà.

Ìyá Kẹ́hìndé
Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń fi ìrẹsì gbígbóná mú bàtà inú rọ̀, kí ó lè gba ìrísí ẹsẹ̀. Ṣé ó bá tirẹ̀ mu?

Ará Ìjerò ní Calgary
Ó bá a mu bí bàtà inú bá jẹ́ fóòmù tó ń gba ooru, èyí tó fúyẹ́, tó sì dúró fúnra rẹ̀ bí agolo. Èyí tó jẹ́ kànrìnkàn tí wọ́n rán aṣọ bò kò ní gbà á. Ìbọ̀sẹ̀ òwú là ń kó ìrẹsì gbẹ sí, kò gbọdọ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù. Yan ìrẹsì náà nínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré, máa rò ó. Bó bá ti pọ́n, ó ti gbóná jù. Ki í bọ inú bàtà inú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yọ ọ́, wọ bàtà, de ìdè fẹ́rẹ́, tẹ orúnkún, má yí ẹsẹ̀ títí yóò fi tutù. Kí fóòmù ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí o tó ṣe é.

Ṣọbàtà Ajílósùn
Ẹ má fi ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ṣe é o, jíjẹ là ń jẹ ìyẹn.

Ọmọ Òkèṣà
Fóòmù mìlímítà mẹ́ta ti wà lábẹ́, J méjì méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, téèpù ni mo ṣì fi mú wọn. Kókósẹ̀ ti dákẹ́. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jókòó, tòsì ṣì ń ṣí díẹ̀. Ọmọńdinrín ṣì ń ta.

Ṣọbàtà Ajílósùn
Ti òsì: gé mìlímítà méjì sí i, kí o fi kún ibi tó ká lábẹ́ kókósẹ̀ nìkan, má fi kún apá gígùn. Wo ìdè tó dábùú ọrùn ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Òun gan-an ló ń fa gìgísẹ̀ sẹ́yìn. Òun ni kí o kọ́kọ́ fún, kó tó kan tòkè, kí ti iwájú jẹ́ ìkẹyìn, kí ó sì dẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn náà lo lè lọ bá àwọn oní-tíǹtì yá heat gun fún tọ̀tún. Nígbà tí o bá ń dá férémù padà, fi ọwọ́ yí bóòtù (bolt) rẹ̀ wọlé kí ó tó kan kọ́kọ́rọ́, kí ó má baà jẹ ojú rẹ̀, kí o sì tún un fún lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́.