Ẹ bá mi wá Yorùbá tó bá "snag" mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iléṣà ni mò ń gbé, iṣẹ́ ògbufọ̀ sì ni mò ń ṣe. "Snag" ló há mi lọ́fun láti àárọ̀: ìṣòro kékeré tó ṣàdédé dá iṣẹ́ dúró.

Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Scandinavia, ní àríwá Yúróòpù, ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti wá. Ohun ṣóńṣó tó yọ síta, bíi kùkùté tàbí ẹ̀ka igi, ni ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, igi tó rì sínú odò Mississippi, tó ń dá ihò sí ìdí ọkọ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 1829, Henry Shreve, ọ̀gá atukọ̀ kan níbẹ̀, kan ọkọ̀ kan tó ń hú wọn kúrò. Aṣọ tí ìṣó fà náà wà lára ìtumọ̀ rẹ̀. Lánàá, ìṣó ìjókòó ọkọ̀ kọ́ ìró mi, fọ́nrán òwú kan yọ gbọọrọ. Ìgbà yẹn ló tó yé mi dáadáa.

"Ìfàsẹ́yìn" ti wúwo jù. "Ìkọ̀sẹ̀" sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹsẹ̀ nìkan ló mú wá sọ́kàn. Ẹ̀yin àgbà Ìjẹ̀ṣà, kí lẹ ń pe igi tó fara pamọ́ sínú odò? Ẹ̀yin tó ń hun aṣọ òkè ńkọ́, bí òwú bá kọ́ nǹkan? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.