Ọjọ́ 90 kì í ṣe oṣù mẹ́ta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi sọ pé lọ́yà ló jẹ́ kí àkókò tó yẹ kóun fi pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọjá mọ́ òun lọ́wọ́. Ní tiwa, àwa fúnra wa la ṣi ọjọ́ kà.

Ọjọ́ 9 oṣù Keje ni wọ́n dá àbúrò mi lẹ́bi ní kóòtù gíga l'Ádó-Èkìtì, ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Nígbà tá a padà dé Ìkẹ́rẹ́, bùọ̀dá wa kan tó ti ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ rí sọ pé oṣù mẹ́ta la ní láti fi pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Kò purọ́, àmọ́ ti ẹjọ́ ilẹ̀ nìyẹn. Ti ẹjọ́ ọ̀daràn láti kóòtù gíga, ọjọ́ 90 lòfin sọ, ọjọ́ tí adájọ́ bá dájọ́ ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé ìdájọ́ tẹ̀ yín lọ́wọ́. Owó lọ́yà làwa ń dá kiri ní gbogbo àkókò yẹn. Gbogbo iṣu oko mi ni mo tà.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá la gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù, a rò pé ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò jágbe mọ́ wa. Ó yọ kàlẹ́ńdà lára ògiri, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń fi ìdérí báírò tọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó tún un kà. “Mà, àná ló pé 90. Oṣù Keje ní 31, oṣù Kẹjọ náà ní 31.” Orúnkún mi yẹ̀.

A ní láti bẹ ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kó gbà wá láàyè lẹ́yìn àkókò. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ẹnu o! Ìwé ìbúra tó sọ ohun tó mú wa pẹ́ ni, pẹ̀lú ibi tá a gbà pé adájọ́ ti ṣì í. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì ò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọn ò ní dá yín lóhùn. Wọ́n gbà fún wa, àmọ́ oṣù márùn-ún ló gbà kí wọ́n tó dá wa lóhùn, inú ẹ̀wọ̀n sì làbúrò mi wà.

*

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èmi wá láti Ìjerò. Àwa ò lówó lọ́yà rárá, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá àwọn tí ò lówó lọ́yà ṣẹjọ́, ló bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ sí ìwé kòtẹ́milọ́rùn ọ̀hún. A ò dúró de ẹ̀dà ìdájọ́. Ìdí kan péré ni lọ́yà kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ kí ọjọ́ má bàa kọjá, ó ní bí ẹ̀dà ìdájọ́ bá dé, a ó gbàṣẹ kóòtù láti fi ìyókù kún un.