Báwo ni mo ṣe lè fi Skọ́tíláǹdì borí àwọn Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi Skọ́tíláǹdì bẹ̀rẹ̀ Medieval II: Total War, eré ogun orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì nà mí bí ẹni na bàrà. Edinburgh nìkan la máa ń ní lọ́wọ́ lọ́dún 1080 tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sáré gba Inverness, torí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí ọba tó máa bínú sí i. York gan-an ni wàhálà mi. Bí mo bá kó ogun débẹ̀, owó ti tán. Bí mo bá dúró kówó jọ, Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, wọ́n sì ti dé ẹnu ọ̀nà mi nìyẹn.

Nígbà kan mo kọlù wọ́n lójijì. Ó ń bọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, àfi bí Póòpù ṣe ní kí n dáwọ́ dúró, pé Kátólíìkì ni gbogbo wa. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, ló bá yọ mí kúrò nínú ìjọ. (Ẹ má rẹ́rìn-ín.)

Ṣé kí n kọ́kọ́ wọkọ̀ ojú omi lọ gba Dublin ni, kí n máa fi òwò kówó jọ? Àbí kí n da gbogbo owó àpò mi sórí York láti ìbẹ̀rẹ̀? Àwọn ọmọ ogun Skọ́tíláǹdì tó ń fi ọ̀kọ̀ gígùn jà, tí wọ́n ń yìn, kì í tètè jáde, mi ò sì tíì pẹ́ láyé débẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti fi wọ́n gba London, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe tò wọ́n?