Kéwú tí mo kà lọ́wọ́ ọmọ Markaz

Ẹ̀yin ará, àsàláámù àlékúmù. Èmi fúnra mi ò ka kéwú nínú ọgbà Markaz, ilé-kéwú ńlá tó wà ní Agége, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Ààfáà mi ti jáde, ìlànà ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fi kọ́ wa.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ti parí Àlùkùránì lórí ẹní. Wáláà là ń lò, kálukú ń ké tirẹ̀. Wọ́n ti ṣe wòlímọ̀ fún mi pàápàá, síbẹ̀ n ò gbọ́ ìtumọ̀ ohun tí mò ń kà. Ọ̀dọ̀ Ààfáà yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí kéwú tó ní kíláàsì, bẹ́ǹṣì, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí.

Ọwọ́ Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, ni wọ́n ní àwọn ti gba ìlànà náà. Ní 1946, Sheikh lọ sí Íjíbítì, wọ́n sì rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀. Ní 1952 wọ́n dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní 1955 wọ́n gbé e wá sí Agége. Títí wọ́n fi papòdà ní 1992, ẹnu ìwé kíkọ àti ìkọ́ni ni wọ́n wà.

Nahwu, ìyẹn gírámà èdè Lárúbáwá, ló le jù. Ajurumiyyah la fi bẹ̀rẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ti kọ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. A ti há a sórí tán kó tó yé wa. Ààfáà á kọ gbólóhùn Lárúbáwá sójú pátákó láìfi àmì fáwẹ̀lì kankan sí i, wọ́n á na ṣọ́ọ̀kì sí ẹnì kan: “Ìwọ, bọ́ síbí.” Kì í ṣe pé kó o fi àmì sí i kó o lọ jókòó o. Wàá sọ ìdí tí ìparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀. Bó o bá gbà á láìmọ ìdí, òdo ni. Wọ́n á ní, “Ẹni tó ṣèèṣì gbà á lónìí, á ṣèèṣì ṣì í lọ́la.”

Ní ti fíkíhù, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, ìwé Akhdari la fi mọ àlùwàlá àti ìrun, ká tó wọ ìwé Risalah.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nídìí ìrun Ìṣáì, ìmáàmù ń ka Súrà Yúsúfù, mo ṣàdédé rí i pé mò ń bá ìtàn náà lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n Yúsúfù gbé ẹ̀wù tí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ irọ́ sí wá bá bàbá wọn, omi bọ́ lójú mi.

Nítorí náà ló ṣe ń dùn mí bí òbí bá yọ ọmọ kúrò nílé-kéwú torí pé ó ti ṣe wòlímọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró kọ́ nahwu, ẹ jọ̀wọ́. Àkọ́bí mi ṣì wà níbẹ̀, ó ti dé ìdajì Ajurumiyyah.